Ọmọ Ballina ni ìyá àgbà ìyàwó mi: ṣé ìwé kankan ṣẹ́ kù ní Ireland tá a lè fi wá ìdílé wọn?

BabaIbeji_Manchester

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Mo mọ̀ pé Yorùbá pọ̀ ní Dublin, Galway àti Cork, ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣàì sí níbí. Ìlú Ọba ni wọ́n ti bí ìyàwó mi, ṣùgbọ́n ọmọ Ireland ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Delia ni gbogbo ilé ń pè é. Wọ́n ní 1922 tàbí 1923 ni wọ́n bí i, ní Ballina, ó wá sí Manchester lẹ́yìn ogun Hitler, ibí ló ti lọ́kọ, ibí náà ló kú sí.

Àwọn ìbejì wa ti dàgbà tó ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá bi mí nípa ìdílé tèmi, màá ka baba ńlá márùn-ún fún wọn láì wo ìwé, màá sì fi oríkì gbè é lẹ́sẹ̀. Tó bá wá kan ti ìyá wọn, ká ti dárúkọ Delia báyìí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìyá ìyàwó mi ní ká má da ara wa láàmú, pé gbogbo ìwé ilẹ̀ Ireland ló jóná nígbà ogun. A san owó sí ìkànnì kan, a tẹ Delia àti orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀, kò sóhun tó jáde. Ṣé lóòótọ́ ni gbogbo rẹ̀ jóná? Àti pé, ṣé ìyàwó mi lè torí Delia gba páàsípọ́ọ̀tù Ireland?

Akowe_Dublin

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Ẹ dá owó yẹn dúró ná.

Ọ̀rọ̀ “gbogbo ẹ̀ ló jóná” yìí, gbogbo ilé ní Ireland lẹ ti máa gbọ́ ọ, ìdajì òótọ́ sì ni. Ní 30 Oṣù Kẹfà 1922, ogun abẹ́lé wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, Four Courts, ilé ẹjọ́ ńlá ní Dublin, gbiná, inú ọgbà yẹn sì ni ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí. Ìwé ìkànìyàn 1821, 1831, 1841 àti 1851 bá a lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ló yọ. Ìwé ìhágún àti ọ̀pọ̀ ìwé ìsàmì ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n kó síbẹ̀ náà jóná. Ṣùgbọ́n ìwé ìkànìyàn 1861 àti 1871, kò débẹ̀ rí. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n run ún kété tí wọ́n ti ka iye èèyàn tán. Ti 1881 àti 1891 ńkọ́? Bébà ló wọ́n nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, ni wọ́n bá lọ̀ wọ́n kúnná láti fi ṣe bébà míì. Ẹ wá rí i pé iná nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Kò sì sẹ́ni tó ń bá àwọn akọ̀wé ìjọba yẹn wí, iná ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi.

Ohun tí iná ò kàn ni tiyín: ìwé ìbí, ìwé ikú, ìwé ìgbéyàwó. Láti 1 Oṣù Kìíní 1864 ni òfin ti ní kí wọ́n máa kọ ti gbogbo èèyàn sílẹ̀ (ìgbéyàwó àwọn tí kì í ṣe Àgùdà ti bẹ̀rẹ̀ láti 1845), ibòmíì ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ lọ sí irishgenealogy.ie. Ọ̀fẹ́ ni. Ìbí tó ti lé ní 100 ọdún, ìgbéyàwó tó ti lé ní 75, ikú tó ti lé ní 50, àwòrán ojú ìwé náà gan-an lẹ máa rí, pẹ̀lú ọwọ́ akọ̀wé tó kọ ọ́. Delia yín ti wọ inú 100 ọdún yẹn.

Iya_Ronke_Galway

Bàbá Ìbejì, ẹ má wá Delia mọ́. Bridget ni kẹ́ ẹ wá. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, àwọn ìyá tí mò ń tọ́jú ló kọ́ mi: Delia, Bridie, Biddy, Bridget ni gbogbo wọn lójú ìwé. Ní Mayo, níbi tí Ballina wà, àti ní Galway níbí, Delia pọ̀ bí i Ìyábọ̀. Orúkọ ilé ni. Fádà ò ní kọ ọ́ sínú ìwé, akọ̀wé ìjọba náà ò ní kọ ọ́.

Omo_Popo_Aguda

Ọmọ Àgùdà ni mí láti Èkó, ẹ gbọ́ tèmi. Gbogbo ẹni tó ti ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà mọ̀ pé fádà ò ní so yín pọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá mú ìwé ìsàmì tuntun wá láti páríìṣì tí wọ́n ti sàmì fún yín, kó lè hàn pé ẹ ò tíì níyàwó sílé níbòmíì. Òfin yẹn ò yàtọ̀ ní Manchester. Láti 1908 ni Róòmù ti ní kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bá so èèyàn pọ̀ ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó sàmì fún un, kí wọ́n kọ ọ́ sí etí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

Torí náà, ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì tí Delia ti lọ́kọ. Ẹ kọ lẹ́tà tó lójú àánú sí fádà ibẹ̀, ẹ fi owó díẹ̀ sí i fún ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀ bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ máa rí orúkọ páríìṣì rẹ̀ ní Ireland níbẹ̀. Ẹ tún gba ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Ìlú Ọba, orúkọ bàbá ìyàwó àti iṣẹ́ tó ń ṣe máa ń wà nínú rẹ̀.

BabaIbeji_Manchester

Omo Popo, Ọlọ́run á bù kún un yín. Inú àpótí ìyá ìyàwó mi ni ìwé ìgbéyàwó náà wà látọjọ́ yìí, òun àti ìwé kékeré kan tí fádà kan fọwọ́ sí. Àgbẹ̀ ni wọ́n pe bàbá Delia. Páríìṣì tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Kilmoremoy. A wá Kilmoremoy lórí máàpù títí, a ò rí ìlú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé kì í ṣe Ballina mọ́ ni?

Akowe_Dublin

Ballina náà ni. Kilmoremoy ni orúkọ páríìṣì Àgùdà ìlú yẹn, abẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Killala ló wà. Ohun tó ń da gbogbo èèyàn láàmú nìyẹn. Ẹyọ ilẹ̀ kan lè wà lábẹ́ páríìṣì Àgùdà tó ń jẹ́ orúkọ kan, lábẹ́ páríìṣì ìjọba tó ń jẹ́ òmíràn, àti lábẹ́ àgbègbè ìforúkọsílẹ̀ ìbí tó ń jẹ́ òmíì pátápátá.

Ballina tí ìdílé máa ń dárúkọ yẹn ò dájú tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ìlú Ballina fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ àgbègbè ìforúkọsílẹ̀ Ballina, tó kó oko rẹpẹtẹ mọ́ra. Ballina míì tún wà ní Tipperary, lọ́nà jíjìn réré, ìwé páríìṣì tẹ́ ẹ rí yìí ló yọ yín lọ́wọ́ ìyẹn. Ohun kan ṣì wà níbẹ̀: odò Moy ló la ìlú náà já, apá ìlà-oòrùn tó ń jẹ́ Ardnaree sì wà lábẹ́ Sligo, àgbègbè tó múlé gbe Mayo, títí di òfin 1898. Tẹ́ ẹ bá ń wá bàbá bàbá Delia nínú ìwé tó ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ wo Mayo, ẹ wo Sligo.

Èyí tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ ni townland. Gbogbo Ireland ni wọ́n pín sí townland, ìyẹn ilẹ̀ kéékèèké tí oníkálukú ní orúkọ tirẹ̀, òmíràn ò ju oko ìdílé mélòó kan lọ. Wọ́n lé ní 60,000. Ìwé ìkànìyàn, ìwé ilẹ̀, owó orí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi townland tò. Ẹni tó ní orúkọ àti ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ tí kò ní townland, yóò kàn máa pààrà àwọn Bridget tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Ẹni tó ní townland, ká tiẹ̀ ní orúkọ ìdílé wọn wọ́pọ̀ bí erùpẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé.

Ojú ìwé ìbí Delia ni townland máa wà. Ẹ wo òpó tí wọ́n kọ ibi tí wọ́n bí i sí. Tí ọwọ́ akọ̀wé bá rúni lójú, ẹ tẹ ohun tẹ́ ẹ rò pé ó jẹ́ sí logainm.ie, ìkànnì orúkọ àwọn ibi ní Ireland, ẹ wo èyí tó wà nítòsí Ballina.

Oluko_Ijebu

Ṣé Ballina kan náà tí Biden lọ ní 2023 ni? Mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ń sọ̀rọ̀ níwájú kàtídírà.

Akowe_Dublin

Òun ni. Ìdílé kan tó ń jẹ́ Blewitt ló so Biden mọ́ ibẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí Mary Robinson, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ Ireland.

BabaIbeji_Manchester

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti rí i! Bridget ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, 1922. Orúkọ bàbá rẹ̀ bá ti ìwé ìgbéyàwó mu, àgbẹ̀ ni wọ́n pè é, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀ kó tó lọ́kọ náà wà níbẹ̀. A rí townland, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síta níbí. Ìyàwó mi sunkún. Ohun kan ló rú wa lójú: ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ síbẹ̀ wà lẹ́yìn èyí tí Delia máa ń ṣe ọjọ́ ìbí sí.

Iya_Ronke_Galway

Ẹ kú oríire! Ẹ má wo ti ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ máa san owó ìtanràn, àwọn òbí á bá fi ọjọ́ díẹ̀ bù ú fún akọ̀wé. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí ọmọ tí fádà ti sàmì fún kí wọ́n tó bí i lójú ìwé ìjọba. Ọjọ́ ìsàmì lẹ ó gbà gbọ́.

Ẹ wá lọ sí ìkànìyàn 1901 àti 1911 báyìí, ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì National Archives ní Dublin. Ti ọdún méjèèjì pé, kò sí èyí tó jóná. Bàbá Delia á ti wà níbẹ̀ lọ́mọdé nílé àwọn òbí rẹ̀. Wọn ò ka èèyàn ní 1921 nítorí ogun òmìnira. Wọ́n kà á ní 18 Oṣù Kẹrin 1926, òfin sì ní kó pé 100 ọdún kí aráyé tó rí i, Oṣù Kẹrin 2026 ló pé. Inú ìyẹn ni Delia fúnra rẹ̀ máa wà, ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

BabaIbeji_Manchester

1911 rèé lójú wa báyìí. Bàbá bàbá Delia ló ni fọ́ọ̀mù, kò mọ̀wé, àmì àgbélébùú ló fi sí ibi ìfọwọ́sí, ọlọ́pàá tó wá ka wọ́n ló kọ orúkọ rẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lábẹ́ èdè, òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sọ èdè Ireland àti Gẹ̀ẹ́sì, ti àwọn ọmọ ṣófo. Wọ́n bi ìyàwó léèrè iye ọmọ tó bí àti iye tó kù láyé: ó bí mẹ́sàn-án, mẹ́fà ló kù. Lára mẹ́fà yẹn, mẹ́rin ló wà nílé. Ìwé kejì sọ bí ilé ṣe rí: òrùlé koríko, fèrèsé méjì níwájú, ilé màlúù kan, ilé ẹlẹ́dẹ̀ kan.

Èyí tí mi ò lóye ni ọjọ́ orí bàbá náà. Ní 1901, ẹni ọdún 58 ni. Ní 1911, ó ti di 71. Ṣé bàbá kan náà ni?

Akowe_Dublin

(Mo rẹ́rìn-ín.) Bàbá kan náà ni. Oṣù Kìíní 1909 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún arúgbó tó bá ti pé 70 ọdún. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti bí kí 1864 tó dé, kò sí ìwé ìbí, ó ṣòro fún wọn láti fi hàn pé àwọn ti pé e. Gbogbo Ireland bá dàgbà lójijì, kí wọ́n lè rí owó náà gbà.

Èrè kan wà níbẹ̀ fún yín o. Nígbà yẹn, Four Courts ò tíì jóná, torí náà àwọn arúgbó máa ń ní kí ìjọba bá àwọn wo ìkànìyàn 1841 àti 1851 bóyá orúkọ àwọn wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi béèrè, pẹ̀lú ohun tí akọ̀wé rí níbẹ̀, ló wà láyé títí dòní, National Archives ti gbé e sórí ayélujára. Ìwé ńlá jóná, ohun tí wọ́n dà kọ látinú rẹ̀ fún arúgbó tó ń wá owó yè é. Ẹ wá bàbá náà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i, orúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀ àti townland lẹ máa bá.

Arinrinajo77

Gbogbo wàhálà yìí! Ẹ ra ohun èlò DNA, ẹ tutọ́ sí i, ó parí.

Akowe_Dublin

Kò parí o, ẹ̀gbọ́n. DNA á fún yín ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìbátan ní Chicago tí àwọn náà ò mọ townland wọn. Ẹ kọ́kọ́ wá ìwé. Tẹ́ ẹ bá máa ṣe é, ìyá ìyàwó ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe àwọn ìbejì, torí òun ló sún mọ́ Delia jù.

Deborah_Boston

Mo fẹ́ fi tàwọn tó ré òkun wá sọ́dọ̀ wa kún un. Mẹ́fà ló kù láyé, mẹ́rin ló wà nílé, á jẹ́ pé méjì ti jáde. Tí wọ́n bá wá sí New York láti 1892, orúkọ wọn lè wà nínú ìwé Ellis Island, erékùṣù tí wọ́n ti ń gba àwọn àjèjì wọlé níbẹ̀. Ọmọ Cork ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Annie Moore, 1 Oṣù Kìíní 1892. Fún àwọn tó ṣáájú ìyẹn, ìwé ìròyìn kan wà ní Boston níbí tó ń jẹ́ Pilot, láti 1831 ni wọ́n ti ń gbé ìkéde àwọn tó ń wá èèyàn wọn jáde níbẹ̀. Àbúrò ń wá ẹ̀gbọ́n, ìyàwó ń wá ọkọ, wọ́n á dárúkọ ibi tí onítọ̀hún ti wá, nígbà míì títí dé páríìṣì àti townland. Ẹ máa rí i pé ẹni tó kúrò nílé ló ń kọ orúkọ ilé rẹ̀ sílẹ̀ yékéyéké.

Anti_Belfast

Ẹni tí tirẹ̀ bá wá láti àwọn àgbègbè mẹ́fà tó wà lábẹ́ ìjọba Ìlú Ọba, ìyẹn àríwá Ireland, kó wá sí PRONI, ilé tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ àríwá sí, ní Belfast níbí. Láti 1922, ìwé ìbí àríwá ò sí lórí ìkànnì ọ̀fẹ́ ti Dublin, ẹ máa sanwó fún un lọ́dọ̀ ìjọba àríwá. Ẹ tún wo ìwé ẹ̀jẹ́ Ulster ti 28 Oṣù Kẹsàn-án 1912, èyí tí àwọn tí kò fẹ́ kí Ireland máa dá ṣèjọba ara rẹ̀ jẹ́, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló fọwọ́ sí i, pẹ̀lú àdírẹ́sì wọn. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe Àgùdà o, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

BabaIbeji_Manchester

Ẹ ṣeun gan-an. Báwo la ṣe máa kọjá 1864? Bàbá 71 yẹn, a fẹ́ mọ bàbá rẹ̀.

Akowe_Dublin

Ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ìwé ìsàmì Àgùdà. Ọwọ́ àwọn fádà ni wọ́n wà ní 1922, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi jóná. National Library ti gbé gbogbo fíìmù rẹ̀ sórí ayélujára láti 2015, ọ̀fẹ́, ọ̀pọ̀ dúró ní 1880. Látìn lẹ máa bá pàdé: Jacobus ni James, Brigida ni Bridget. Fíìmù mìíràn ti ṣú, yíǹkì ti ṣàn, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ má fi ojú fo baba ìsàmì àti ìyá ìsàmì, nítorí ìbátan ni wọ́n máa ń jẹ́, orúkọ ìdílé wọn á sì tọ́ka yín sí ibòmíì.

Èkejì ni Griffith. Richard Griffith ló díwọ̀n ilẹ̀ gbogbo Ireland fún owó orí láàárín 1847 àti 1864: orúkọ ẹni tó ń dáko níbẹ̀, orúkọ onílẹ̀ tó ń san owó fún, bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó. Askaboutireland.ie ló wà, pẹ̀lú máàpù tí nọ́ńbà ilẹ̀ oníkálukú wà lórí rẹ̀. Ẹ lè tọ́ka sí oko yẹn gan-an. Èmi ò mọ ìwé tó wúlò jù ú lọ, nítorí àkókò ìyàn ńlá àti ẹ̀yìn rẹ̀ ló bọ́ sí, tí nǹkan bí mílíọ̀nù kan èèyàn kú, tí àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan sì ṣí lọ. Ẹni tẹ́ ẹ bá bá nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìyàn náà, ó yè é. Lẹ́yìn Griffith, wọ́n ń tún ìwé yẹn kọ bí ilẹ̀ ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, yíǹkì aláwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n fi ń fa orúkọ àtijọ́ rẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí i tí orúkọ bàbá kúrò, tí ti ọmọ wọlé, ẹ wá ìwé ikú láàárín ọdún díẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìwé ìdámẹ́wàá, 1823 sí 1837, lórí ìkànnì National Archives. Àgbẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, alágbàṣe ò sí.

Ẹ múra sílẹ̀ fún orúkọ ìdílé tó ń yí. Mac àti O lè wà nínú ìwé kan kó má sí nínú ìkejì. Ní Cavan, ọ̀pọ̀ Mac Gabhann ló di Smith. Tó bá jẹ́ ìwé tẹ́ ẹ máa rà lẹ ń wá, ti John Grenham lórí bí a ṣe ń wá baba ńlá ní Ireland ni kẹ́ ẹ rà. Ìwé Samuel Lewis ti 1837 jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ṣàlàyé páríìṣì kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ àti ẹni tó ni ilẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, ìwé àṣẹ ajá! Láti 1866 ni òfin ti ní kí olówó ajá máa gba ìwé àṣẹ lọ́dọọdún, wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀, townland, àti àwọ̀ ajá. Ìkànnì Findmypast ló ni ín, owó ni. Àgbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan, ajá rẹ̀ lè wà níbẹ̀.

Iya_Ronke_Galway

Fún àwọn ìbejì, ẹ ṣí dúchas.ie. Láàárín 1937 sí 1939, ìjọba ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé lọ jókòó ti bàbá àgbà àti ìyá àgbà, kí wọ́n kọ ìtàn, oògùn ìbílẹ̀, eré àti àlọ́ wọn sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn ọmọ náà ló wà níbẹ̀. Delia máa jẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà, ó lè má sí níbẹ̀, àmọ́ ẹ wá ilé ìwé tó sún mọ́ townland yẹn. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ á wà níbẹ̀.

Dele_Leeds

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn ti páàsípọ́ọ̀tù. Bàbá àgbà ìyàwó mi jẹ́ ọmọ Cork, oyún sì wà nínú ìyàwó mi báyìí.

Akowe_Dublin

Dele, Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹni tí òbí òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí ní Ireland lè forúkọ sílẹ̀ nínú Foreign Births Register, á sì di ọmọ ilẹ̀ Ireland. Ìyàwó ẹ̀yin méjèèjì yẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá kọ orúkọ ìyá sínú ìwé yẹn ni ó ti di ọmọ Ireland, torí náà ọmọ tó ti wáyé ṣáájú ọjọ́ náà ò lè tẹ̀ lé e wọlé. Bàbá Ìbejì, ó dùn mí láti sọ ọ́, àwọn ìbejì yín ò sí nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà yìí. Dele, ẹ̀yin ṣì láyè, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oyún wà.

Àwòrán tẹ́ ẹ wà jáde láti irishgenealogy ò tó fún un. Ẹ lo nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ láti béèrè ojúlówó ìwé ẹ̀rí ìbí bàbá àgbà (ti Delia ni o, Bàbá Ìbejì) lọ́dọ̀ General Register Office ní Roscommon, €20 ni. Lẹ́yìn náà, ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ àti ìwé ikú rẹ̀, ìwé ìbí àti ìgbéyàwó òbí ìyàwó yín tó jẹ́ ọmọ rẹ̀, àti ìwé ìyàwó yín fúnra rẹ̀. Tí orúkọ bá yàtọ̀ nínú méjì nínú wọn, ẹ kọ àlàyé sí i kí wọ́n tó béèrè. Ẹ béèrè ti Roscommon lónìí.